Ṣé Kí Á Ta Ilẹ̀ Nítorí Àtikẹ́kọ̀ọ́ Ilẹ̀?

Èmi tí wọ́n bí sí Bìní, tí wọ́n sì tọ́ dàgbà níbẹ̀, ni mo ń kọ èyí. Bí Yorùbá mi bá ní àmúlùmálà díẹ̀, ẹ bá mi fojú fò ó. Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kan àwa tí à ń kọ́ nípa ìmójútó ilé àti ilẹ̀, iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Estate Management.

Nígbà ìsinmi tó kọjá ni bàbá mi pè mí jókòó. Wọ́n ní bí mo bá ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, àwọn yóò ta pílọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tí àwọn ní lọ́nà Sàpẹ́lẹ́, kí n fi owó rẹ̀ ka másítà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Ó lé ní ogún ọdún tí wọ́n fi ta aṣọ kí wọ́n tó rí ilẹ̀ yẹn rà. Mo ní kí wọ́n fún mi láyè kí n wádìí.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni pé másítà kọ́ ló ń sọ ènìyàn di sàfẹ́yọ̀ ilé àti ilẹ̀ lójú òfin. Òfin ọdún 1975 ló dá ìgbìmọ̀ ESVARBON sílẹ̀, àwọn ló sì ń forúkọ àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ láti díye lé dúkìá sílẹ̀ ní Nàìjíríà. NIESV, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969, ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ náà. Ẹni tó bá gba B.Sc. tàbí HND nínú iṣẹ́ yìí yóò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ fún ọdún méjì, ó kéré tán, kí ó tó jókòó níwájú àwọn àgbà iṣẹ́ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Bí o ní másítà méjì tí o kò sì ní òǹtẹ̀ yìí, ọ̀gá rẹ ni yóò máa fọwọ́ sí iṣẹ́ tí o ṣe.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo Bìní tí a wà yìí. Kí Òfin Ìlò Ilẹ̀ tó dé ní 1978, Ọba ni alágbàtọ́ ilẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Ìgbìmọ̀ àdúgbò á yẹ ilẹ̀ wò, Ọba á sì fọwọ́ sí i. Òfin 1978 gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ lé gómìnà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí Ọba fọwọ́ sí ṣì wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ bàbá. Ní 2017, ìjọba Ẹ̀dó fòfin de àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, àwọn CDA tó máa ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọ́lé. Ẹni tó bá máa díye lé ilé kan gbọ́dọ̀ mọ irú ìwé tó wà lórí rẹ̀, ẹni tó fọwọ́ sí i, àti bóyá gómìnà ti fọwọ́ sí títà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti forúkọ sílẹ̀ sọ fún mi pé lóṣù àkọ́kọ́ tí àwọn tẹ̀lé ọ̀gá wọn jáde, ènìyàn mẹ́ta ló kó ìwé jáde lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo. Ìdí iṣẹ́ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń tú irú okùn bẹ́ẹ̀.

N kò sọ pé másítà kò wúlò o. Ẹni tó fẹ́ di olùkọ́ ní yunifásítì kò lè ṣe kó má kà á, Ph.D. á sì tẹ̀lé e. Ẹni tó ka Jógíráfì tàbí iṣẹ́ mìíràn, tó fẹ́ yà sídìí ilé àti ilẹ̀, lè rí ọ̀nà gbà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn másítà tí RICS fọwọ́ sí wà fún, bíi ti Yunifásítì Reading. Ṣùgbọ́n láti oṣù kìn-ín-ní 2024, ọ̀pọ̀ tó ń lọ ka másítà níbẹ̀ kò lè mú ìyàwó tàbí ọmọ dání mọ́. Owó pọ́n-ùn ńkọ́, lẹ́yìn tí náírà já ní 2023? Ẹnu kò lè ròyìn rẹ̀ tán.

Nílé níbí, Yunifásítì Èkó àti ti Ifẹ̀ ń kọ́ni ní másítà iṣẹ́ yìí. Ẹ má gbàgbé 2022 ṣá, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì gba oṣù mẹ́jọ.

Mo mọ ohun tó ń lé ọ̀pọ̀ wa wọ másítà. Iṣẹ́ kò sí, owó ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kò sì tó nǹkan. Ní oṣù mẹ́fà tí mo fi ṣe IT, owó ọkọ̀ lásán ni wọ́n ń fún mi, ìgbà mìíràn kì í pé. Síbẹ̀, oṣù mẹ́fà yẹn ni mo kọ́kọ́ fi teepu wọn ilé.

Mo padà tọ bàbá mi lọ. Mo ní kí wọ́n má tíì tà á, kí n kọ́kọ́ wá ọ̀gá tí máa fi ọdún méjì sìn. Bí mo bá ti forúkọ sílẹ̀, tí mo ṣì fẹ́ másítà, máa lè fi owó ara mi kà á. Wọn kò bá mi jà. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bí mo bá mọṣẹ́ lóòótọ́, kí n wá díye lé ilẹ̀ náà kí àwọn tó pinnu. Sátidé ni a jọ ń lọ síbẹ̀.