Àìrí Kì í Ṣe Àìsí: Àlàyé Lórí Àká tí Kọ̀ǹpútà Kò Rí

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ìṣòro kan tí ó máa ń bá ẹni tí ó fẹ́ fi ètò ìdarí tuntun, bí Windows 11, sínú kọ̀ǹpútà. Bí iṣẹ́ bá dé ibi tí ó yẹ kí a yan àká tí ètò náà yóò máa gbé, kọ̀ǹpútà yóò wí pé òun kò rí àká kankan. Háàdì díráífù àti gbogbo irú rẹ̀ ni a ń pè ní àká níhìn-ín, nítorí pé inú rẹ̀ ni a ń kó ìsọfúnni pamọ́ sí, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń kó ọkà sínú àká.

Akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí irú èyí ṣẹlẹ̀ sí túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà sí ‘kò sí àká’. Ó gbà pé àká rẹ̀ ti kú, ó sì ti ń múra láti jù ú nù, tòun ti iṣẹ́ ìwádìí ọdún méjì tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ‘kò sí’ ni àyísódì ‘wà’. ‘Kò rí’ ni àyísódì ‘rí’. Ti ìṣáájú ń sọ nípa ohun tí à ń wá. Ti ìkejì ń sọ nípa ojú ẹni tí ń wá a. Ìyàtọ̀ yìí ni ó yẹ kí atúmọ̀ èdè dì mú, nítorí pé òun náà ni ọ̀nà àbáyọ.

Ojú méjì ni kọ̀ǹpútà fi ń wo àká. Ojú kìíní ni ti ètò àbímọ́, tí a ti fi sínú ẹ̀rọ láti ilé iṣẹ́ tí a ti ṣe é, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí BIOS. Ojú kejì ni ti ètò ìdarí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ fi sí i. Ojú kìíní ni kí a kọ́kọ́ bi léèrè. Bí a ti ń tan ẹ̀rọ, a ó tẹ F2 tàbí Del, bí irú ẹ̀rọ náà bá ti rí, a ó sì wò ó bóyá orúkọ àká wà níbẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ara ẹ̀rọ ni a ó yẹ̀ wò: bóyá wáyà ti yọ, bóyá àká kò wọlé dáadáa, tàbí bóyá ihò tí a fi í sí kò gba irú rẹ̀. Àwọn ihò M.2 kan wà tí ó ń gba NVMe tí kò gba SATA. Ìgbà tí gbogbo èyí bá já sí asán ni a tó lè fura pé àká ti bàjẹ́.

Bí ojú kìíní bá rí i tí ojú kejì kò rí i, a jẹ́ pé àká wà; ohun tí kò sí ni èyí tí Òyìnbó ń pè ní driver. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí awakọ̀, a ó ṣi olùkà lọ́nà, nítorí pé kò sí ọkọ̀ tí ó ń wà. Atọ́kùn ìbá dára, ṣùgbọ́n gírámà ti gbà á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó gbọ́ èdè ètò ìdarí, ó gbọ́ ti ẹ̀yà tí ń ṣàkóso àká, ó sì ń gbé ọ̀rọ̀ ọ̀kan fún èkejì. Ògbufọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ní ọpọlọ Intel ìran kọkànlá, tí ó jáde ní 2020, àti púpọ̀ nínú àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ètò kan tí ń jẹ́ VMD lè dúró sáàárín àká NVMe àti ètò ìdarí nínú wọn, kí Windows má sì ní ògbufọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. A ó fi kọ̀ǹpútà mìíràn gba ògbufọ̀ náà láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ẹ̀rọ. A ó tú u sórí fíláàṣì títí a ó fi rí fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí.inf, a ó sì tẹ Load driver láti fi í han ẹ̀rọ. Nígbà náà ni àká yóò yọjú. A lè pa VMD dípò èyí, ṣùgbọ́n ètò ìdarí tí ó ti wà lórí àká náà tẹ́lẹ̀ lè kọ̀ láti ṣí mọ́. Kí a sì tó pa ohunkóhun rẹ́, ó yẹ kí a fi àká sínú ẹ̀rọ mìíràn, kí a ṣe ẹ̀dà ohun inú rẹ̀. Báyìí ni akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe gba iṣẹ́ rẹ̀ là.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà Windows XP, tí ó jáde ní 2001, F6 ni a ń tẹ̀ kí a tó fi dísíkì pẹlẹbẹ gbé ògbufọ̀ wọlé. Dísíkì náà kásẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, f6flpy ni Intel ṣì ń pe àpò fáìlì ògbufọ̀ rẹ̀. Orúkọ tí a fi ohun èlò sọ a máa di àdììtú bí ohun èlò náà bá kọjá lọ. Èyí tí a fi iṣẹ́ sọ kì í tètè gbó. Nítorí náà ni a ṣe dá a lábàá pé kí a máa lo ògbufọ̀ fún èyí, kí a sì máa kọ ‘kò rí’ níbi tí ẹ̀rọ bá ti wí pé òun kò rí.