Àpò Ìtọ̀ Náà Ní Wáyà: Ẹ̀yin Bàbá, Kì Í Ṣe Prostate Nìkan

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ ti lé lógójì ọdún, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin ìyàwó wọn náà, ẹ jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa ń mọ̀ pé bàbá ń jí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lóru lọ tọ̀. Àwa ọkùnrin kì í fẹ́ sọ ọ́. A dé òde ìnáwó, ká tó mọ ibi tí oúnjẹ wà, a ti wo ibi tí tọ́ílẹ́ẹ̀tì wà. Bí wọ́n bá bi wá, a ó ní kò sí nǹkan kan. Tó bá wá le tán, orúkọ kan ṣoṣo la mọ̀ tí à ń pè é: "Prostate ni."

Wọn ò parọ́. Prostate jẹ́ kókó ẹran kékeré kan lábẹ́ àpò ìtọ̀, àárín rẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ìtọ̀ gbà kọjá. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó máa ń wú, ó sì lè fún ọ̀nà yẹn. Ṣùgbọ́n ẹnjiníà ni mí, bí a ṣe ń darí ẹ̀rọ sì ni mo kà gba oyè kejì nílùú ọba níbí. Bí táǹkì omi ò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, àwa kì í wo páìpù nìkan. A máa ń wo wáyà tó ń sọ pé táǹkì ti kún, a sì máa ń wo ẹni tó ń tẹ súwíìṣì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ̀rọ̀ àpò ìtọ̀ rí.

Wáyà tí mò ń wí ni iṣan tó ń gbé ìròyìn kiri ara, èyí táwọn dókítà ń pè ní nerve. Bí ìtọ̀ bá ti tó nǹkan bíi 150 sí 200 mìlílítà, ògiri àpò á ránṣẹ́ gba ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ. Ọpọlọ á ní kẹ́ ẹ ṣì mú un mọ́ra. Ní gbogbo àkókò yẹn, àwọn iṣan kan ń sọ fún ẹnu àpò pé kó ṣì pa dé, kí àpò fúnra rẹ̀ sinmi. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ráàyè ni ọpọlọ máa tó yọ̀ǹda. Ibì kan wà nísàlẹ̀ ọpọlọ tí àṣẹ yẹn ti ń jáde. Ara ológbò ni Barrington, oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣàlàyé rẹ̀ ní 1925. Iṣan mìíràn láti ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn á wá ní kí àpò fún ara rẹ̀ pọ̀, ìtọ̀ á sì jáde.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé orí oògùn. Ọ̀pọ̀ ló rò pé tamsulosin tí wọ́n fún bàbá ló ń mú kí prostate kéré sí i. Rárá o! Iṣẹ́ wáyà ló ń ṣe. Ẹran inú prostate àti ti ẹnu àpò máa ń fún nígbà tí iṣan bá tú nǹkan kan tó ń jẹ́ noradrenaline sí i lára. Ní 1975, Marco Caine àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù fi hàn pé prostate ní ibi tó ti ń gba ìròyìn yẹn. Ibẹ̀ ni tamsulosin ń dí. Ẹran á dẹ̀, ọ̀nà á ṣí, ara ẹlòmíì á sì tù ú láàárín ọjọ́ díẹ̀. (Ó lè mú kí òòyì kọ́ yín bẹ́ ẹ bá dìde lójijì. Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ cataract, ẹ sọ fún dókítà ojú pé ẹ ti lò ó rí.) Finasteride ló ń dín bí prostate ṣe tóbi kù, ìyẹn sì lè gbà tó oṣù mẹ́fà. Àwọn bíi solifenacin wà fún àpò tó ń fún ara rẹ̀ pọ̀ láìtíì tó àsìkò.

Ṣẹ́ ẹ rí i pé èyí tó ń la ọ̀nà yàtọ̀ sí èyí tó ń ní kí àpò sinmi? Bí àpò ọkùnrin kan bá ti rẹ̀, tí kì í lè tu ìtọ̀ dànù tán, tó wá lọ lo èyí tó ń ní kó sinmi, ìtọ̀ lè dúró pátápátá. Ìdí nìyẹn tí inú fi máa ń bí mi bí mo bá rí àwọn bàbá tó ń pín oògùn fúnra wọn ní páátì bí ẹni ń pín obì.

Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀ ò tiẹ̀ gba oògùn ìtọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀fìnkìn ló mú un, ó ra oògùn kátà ní kẹ́mísì, ó sì fi Piriton lé e. Nígbà tó dòru, inú rẹ̀ wú, ìtọ̀ ò jáde, àfìgbà tí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́ ní ọsibítù. Pseudoephedrine tó wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn kátà máa ń ṣe bí iṣan tó ń ti ẹnu àpò. Piriton ní tiẹ̀ lè sọ agbára iṣan tó ń fún àpò di ahẹrẹpẹ. Prostate rẹ̀ ti fún ọ̀nà díẹ̀ tẹ́lẹ̀, oògùn méjèèjì wá parí iṣẹ́. Ẹ máa ka ìwé inú páálí o, tàbí kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù láàárín wa ni àtọ̀gbẹ. Ó máa ń ba iṣan jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹlòmíì á ní, "Mo dúpẹ́, mi ò kí ń tọ̀ púpọ̀ mọ́," bẹ́ẹ̀ sì rèé, àpò ti kún, ìròyìn ni ò dé ọpọlọ mọ́. Nígbà tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í ro sílẹ̀ bíi táǹkì tó kún àkúnwọ́sílẹ̀. Rọpárọsẹ̀ lè ṣe òdìkejì: ọpọlọ ò lè ká àpò lọ́wọ́ kò mọ́, bàbá á máa sáré. Bẹ́ ẹ bá gé prostate irú ẹni bẹ́ẹ̀, wàhálà náà lè má lọ.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó lọ rí GP, ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta kọ iye omi tẹ́ ẹ mu àti iye ìgbà tẹ́ ẹ tọ̀. Ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wò, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo iye ìtọ̀ tó ṣẹ́ kù sínú àpò lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá tọ̀ tán. Bó bá jẹ́ wáyà ló níṣòro, wọ́n lè kọ́ àpò bó ṣe máa mú un mọ́ra, wọ́n sì lè fi iná mànàmáná díẹ̀ ta iṣan tó wà nítòsí ọrùn ẹsẹ̀ jí. Ẹ̀rọ kékeré kan tiẹ̀ wà tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ awọ ìdí, tó ń bá iṣan ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn sọ̀rọ̀. Inú mi dùn sí ìyẹn, iṣẹ́ wa ni!

Mi ò ní kẹ́ ẹ gbàgbé jẹjẹrẹ o. Níbí, ọkùnrin dúdú 1 nínú 4 ló máa ní jẹjẹrẹ prostate láyé rẹ̀, kì í sì í fi àmì hàn níbẹ̀rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti pé ẹni ọdún 45, ẹ bi GP yín nípa àyẹ̀wò PSA, bí ìtọ̀ yín tiẹ̀ ń dà ṣàà.

Àmọ́ bí ìtọ̀ ò bá jáde rárá, tàbí tí ẹ̀yìn ń dùn yín tí àárín itan sì kú, tẹ́ ẹ ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, tí ẹsẹ̀ ò lágbára, ẹ má dúró de GP. A&E ni kẹ́ ẹ gbà lọ lójú ẹsẹ̀, àní bó jẹ́ aago méjì òru.