CRP 12 àbí CRP 120? Ẹ wo àmì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà kẹ́ ẹ tó sọ pé kò le

Nọ́ńbà nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wò lórí èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ní ti àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní CRP, lẹ́tà kéékèèké tó tẹ̀lé nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì bíi nọ́ńbà fúnra rẹ̀.

CRP jẹ́ purotéènì kan tí ẹ̀dọ̀ máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọ ara, pàápàá bakitéríà. Ọdún 1930 ni William Tillett àti Thomas Francis, tí wọ́n ń ṣe ìwádìí ní Rockefeller Institute ní New York, kọ́kọ́ ròyìn rẹ̀, lára àwọn tí òtútù àyà ń bá jà. Lára ẹni tí ara rẹ̀ dá, kì í sábà ju 10 lọ tó bá jẹ́ mg/L ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àwọn lábù kan tiẹ̀ fi ààlà sí 5. Tí bakitéríà bá jà gidi, ó lè kọjá 100.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Àwọn lábù kan ń kọ mg/L, ìyẹn iye mílígíráàmù tó wà nínú lítà kan. Àwọn mìíràn ń kọ mg/dL, iye tó wà nínú désílítà kan. Désílítà mẹ́wàá ló sì ń di lítà kan. Ẹ wo píọ̀ wọ́tà: ọ̀rá méjì oní-50cl ni lítà kan. Tí ẹ bá pín ọ̀rá kan sí ife márùn-ún lọ́gbọọgba, omi inú ife kọ̀ọ̀kan jẹ́ désílítà kan. Ohun tó wà nínú ife kan kò lè tó ti inú ọ̀rá méjì, ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà mg/dL fi máa ń kéré.

Nítorí náà, tó bá jẹ́ mg/dL, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá, ó ti di mg/L nìyẹn. 0.6 á di 6, 4.8 á di 48. Tẹ́ ẹ bá ń ti mg/L bọ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá.

Ẹni tó rò pé CRP òun ga ju bó ṣe yẹ lọ á kàn jáyà ni, dókítà á sì là á yé e. Òdì kejì ló burú. Ká ní ọmọ kan ń ṣàìsàn ní Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn lábù kan ti ń lo mg/dL, ìyá rẹ̀ wá ya èsì ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí àǹtí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní London, níbi tó jẹ́ mg/L ni wọ́n mọ̀. Fọ́tò gé, 12 nìkan ló hàn. Àǹtí á ní, "Méjìlá kẹ̀? Kò le jù, ẹ máa fún un lómi." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, 120 ni nínú ìwọ̀n tí òun fi ń ṣiṣẹ́.

Àyẹ̀wò míì tún wà, procalcitonin, tí dókítà sábà máa ń bèèrè fún tó bá ń fura pé bakitéríà ti wọ ẹ̀jẹ̀. Eléyìí kò nílò ìṣirò rárá: ng/mL àti µg/L, nọ́ńbà kan náà ni. 0.5 ng/mL ni 0.5 µg/L. Ẹ má fi òfin mẹ́wàá ti CRP kàn án o.

CRP nìkan kò lè sọ irú àìsàn tó ń ṣeni. Iṣẹ́ abẹ, fáírọ́ọ̀sì, àti irú làkúrègbé kan, gbogbo wọn ló lè gbé e sókè. Ohun tí dókítà tún máa ń wò ni bó ṣe ń yí padà láti ọjọ́ kan sí èkejì, níbẹ̀ gan-an sì ni àmì ìwọ̀n ti ń ṣi èèyàn lọ́nà. Tí lábù kan bá kọ 12 mg/dL lọ́jọ́ Ajé, tí òmíràn kọ 60 mg/L lọ́jọ́rú, lójú ìwé, ó jọ pé ó ti di ìlọ́po márùn-ún. Ṣùgbọ́n láti 120 ló ti bọ́ sí 60: ó ti dín ní ìdajì.