Okùn Ọrùn Ẹgbọ̀rọ̀ Màlúù

Bí ènìyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọ̀fà Garage ní ìlú Ìlọrin, ariwo ọkọ̀ àti ti àwọn oníṣòwò ni yóò kọ́kọ́ gbà á létí. Ọ̀ràn ẹran ọ̀sìn kò ní sọ sí i lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kí ó bèèrè orúkọ àdúgbò kan tí kò jìnnà sí ibẹ̀, Gáà Àkàńbí ni wọn yóò dá a lóhùn. Gáà ni a ń pe ibùdó àwọn Fúlàní darandaran, orúkọ náà sì ń rán wa létí pé kì í ṣe ilé àti ọ̀nà ọkọ̀ nìkan ni ìtàn ìlú náà.

Nígbà tí ilé bá gba pápá, ẹni tí ó ní ẹgbọ̀rọ̀ màlúù kan tàbí méjì nínú oko kékeré kò lè jẹ́ kí ó máa rìn bí ó ti wù ú. Síso ni yóò so ó. Àwọn mìíràn rò pé bí okùn bá ti wà lọ́rùn ẹran, iṣẹ́ parí. Lójú tiwa, nígbà náà gan-an ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó so ẹran mọ́lẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di dandan kí òun tìkára rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn Fúlàní, tí iṣẹ́ yìí jẹ́ ogún bàbá wọn. Wọn a na okùn gígùn kan sílẹ̀ láti èèkàn dé èèkàn nínú ibùdó, wọn a sì so okùn kéékèèké mọ́ ọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ọmọ màlúù kọ̀ọ̀kan. Daangol ni orúkọ rẹ̀ ní èdè wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, kí àwọn ìyá tó ti pápá dé, a ti so àwọn ọmọ. Bí àkókò àti fún wàrà bá tó, wọn a tú ọmọ kan, yóò sáré tọ ìyá rẹ̀ lọ, yóò mu díẹ̀ kí wàrà lè sọ̀. Lẹ́yìn èyí ni wọn a so ó mọ́ ẹsẹ̀ iwájú ìyá rẹ̀ títí wọn yóò fi fún ìwọ̀n tí wọ́n fẹ́. Wàrà yìí ni àwọn obìnrin wọn ń fi omi ewé bọmubọmu mú dì fún títà. Ẹ kíyèsí i pé ẹni tí ó so ọmọ náà wà nítòsí rẹ̀, ó sì mọ wákàtí tí yóò tú u.

Nítorí náà, bí ọmọ màlúù kò bá tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ fún koríko nìkan. Ikùn rẹ̀ kò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀, ọmú ìyá rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Ẹ má ṣe ta ojóbó sí i lọ́rùn, nítorí bí ó bá ti ń fà á ni yóò máa fún un. Ọ̀já tí ó fẹ̀ ni kí ẹ fi sí i lọ́rùn, kí ọwọ́ lè wọ àárín rẹ̀. Okùn ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ a máa gé ara ẹran. Kí èèkàn má ṣe sí nítòsí igi tàbí kùkùté, kí okùn má bàa yí mọ́ ọn títí ẹran kò fi ní lè mira. Bí oòrùn bá mú, ẹ gbé e lọ sí abẹ́ ìbòòji. Bí kò bá sì lè dé odò, ẹ gbé omi tọ̀ ọ́ lọ.

Ní ìgbà òjò, ó dára kí ìrì gbẹ lórí koríko kí a tó so ó, nítorí ọmọ aràn inú a máa gun ewé tútù. Ìdí kan náà ni a fi ń ṣí èèkàn kúrò lójú kan. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀gọmọ̀ ọkà bàbà àti ewé tàbí èèpo ẹ̀gẹ́ tútù. Oró wà nínú wọn tí í tètè pa màlúù. Ní ẹ̀bá ọjà àti ibùdókọ̀, ẹ kọ́kọ́ ṣa gbogbo ọ̀rá ilẹ̀, nítorí bí ẹran bá gbé e mì, inú rẹ̀ ni yóò dí.

Ó wá ku ọ̀ràn aládùúgbò. Okùn tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 10 fún ẹran ní ilẹ̀ tí ó lé ní 300 ẹsẹ̀ bàtà níbùú lóròó. Bí ẹ bá sọ ọ́ di 20, ilẹ̀ náà kọjá 1,250. Okùn di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin! Kí olúwarẹ̀ di okùn mú, kí ó rìn yí èèkàn ká, kí ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ sí i, nítorí ọrùn ẹran a máa nà kọjá òpin okùn. Bí ó bá kan ebè ẹlòmíràn, kí ó ṣí èèkàn.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe èyí ní ohun kékeré. Ọ̀ràn ẹran àti oko ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Òun ni ó mú kí àwọn gómìnà ìhà Gúúsù péjọ ní Asaba ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 2021, tí wọ́n fi ohùn ṣọ̀kan pé kí dída ẹran jẹ̀ kiri ní gbangba dópin. Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ kéde ilé iṣẹ́ ìjọba tí yóò máa mójútó ẹran ọ̀sìn. Àwọn aláṣẹ yóò ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n àlàáfíà láàrin ilé kan àti èkejì, ọwọ́ ẹni tí ó kan èèkàn mọ́lẹ̀ ni ó wà.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fi ẹgbọ̀rọ̀ lé ọmọ lọ́wọ́, ẹ fi gbogbo èyí hàn án, ẹ sì bá a lọ wò ó kí ilẹ̀ tó ṣú. Àwọn baba wa wí pé màlúù tí kò ní ìrù, Ọlọ́run ní í bá a lé eṣinṣin. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tí ènìyàn so mọ́lẹ̀, ẹni tí ó so ó ni kí ó bá a lé e.