Ọkọ́ Ńlá Nínú Poro Tóóró

Àwo Blu-ray àti àwo DVD jọra bí ìbejì. Sẹ̀ǹtímítà 12 ni fífẹ̀ àwọn méjèèjì, nínípọn wọn ò yàtọ̀, ihò àárín wọn bára mu. Síbẹ̀, ẹ ki Blu-ray bọ ẹ̀rọ DVD àtijọ́, á gbé e mì, á máa yí i kiri, á wá kọ ọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n pé òun ò rí àwo kankan. Ẹ gbé DVD sínú ẹ̀rọ Blu-ray, wọ́ọ́rọ́wọ́ ni fíìmù ń lọ.

Ẹ jẹ́ ká lọ sóko. Ojú àwo, oko ni. Poro ló yí i ká láti àárín títí dé etí, inú poro yẹn ni wọ́n gbin àwòrán àti ohùn sí. Ìtànṣán lésà tó ń kà á ni ọkọ́. Nínú mìlímítà kan péré, poro 625 ló wà lójú CD. Ti DVD, tó jáde ní Japan lọ́dún 1996, jẹ́ nǹkan bí 1,350. Ti Blu-ray, tó dé ọjà lọ́dún 2006, lé ní 3,100! Ara ìdí nìyẹn tí DVD fi ń gba gígábáìtì 4.7 lórí ipele kan, tí Blu-ray ń gba 25.

Ìtànṣán pupa ni ọkọ́ DVD, ìgbì rẹ̀ jẹ́ 650 nánómítà. Ti Blu-ray jẹ́ aláwọ̀ aró, 405. Bí ìgbì bá ṣe gùn tó ni ojú ọkọ́ ń fẹ̀ tó. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí èèyàn bá gbé ọkọ́ ńlá wọ oko tí ebè rẹ̀ há mọ́ra: poro kan ló fẹ́ ro, ó ti bẹ́ irúgbìn ebè méjì dànù. Bẹ́ẹ̀ ni ìtànṣán pupa ń tẹ poro Blu-ray pọ̀ mọ́ra, tí kò rí èyí tó máa kà. Jíjìn wọn ò tún dọ́gba: irúgbìn DVD wà ní 0.6 mìlímítà sínú àwo, ti Blu-ray ò ju 0.1 lọ.

Ẹ má sì rò pé ọkọ́ kékeré ló ń ro oko àtijọ́ o. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ Blu-ray ló fi ọkọ́ pupa kún ọkọ́ tuntun nínú àpótí kan náà. Ẹ̀rọ àtijọ́ ò lè lọ rọ ọkọ́ tí wọn ò fi sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe é.

Ilé iṣẹ́ Toshiba, tó ń ta àwo HD DVD nígbà yẹn láti figagbága pẹ̀lú Blu-ray, gba ọ̀nà míì. Ó da irúgbìn DVD àti ti HD DVD pọ̀ sójú àwo kan náà bí àgbàdo àti iṣu lórí ebè: ẹ̀rọ àtijọ́ á ṣẹ́ àgbàdo rẹ̀, ẹ̀rọ tuntun á wa iṣu. Àwo rẹ̀ míì ní DVD lójú kan, HD DVD lójú kejì, débi pé kò ku ibi tí wọ́n máa ya àwòrán sí; lẹ́tà tíńtìntín tó yí ihò àárín ká ni wọ́n fi ń mọ fíìmù. Lójú tèmi, ìyẹn ló ro ti oníbàárà jù. Ṣùgbọ́n àwo bẹ́ẹ̀ wọ́n ju DVD lásán lọ, nígbà tí ilé iṣẹ́ fíìmù Warner sì kọ̀yìn sí HD DVD ní oṣù kìíní ọdún 2008, Toshiba palẹ̀ mọ́ ní oṣù kejì.

Àwọn oníBlu-ray wá ń fi àwo Blu-ray àti àwo DVD sínú páálí kan, kí oníkálùkù mú èyí tí ẹ̀rọ ilé rẹ̀ gbà. Ní 2016, àwo tuntun míì, 4K Ultra HD, dé, ẹ̀rọ Blu-ray tí a ti ń fi yangàn ò gbà á. Páálí tiẹ̀ náà sábà máa ń ní àwo Blu-ray kan nínú.