Ṣé o mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni Freedom Park tẹ́lẹ̀?

Ìwọ tó ń gbé Yábàá, Súrùlérè tàbí Muṣin, bó o bá ré Afárá Carter kọjá dé Broad Street ní Erékùṣù Èkó, wàá bá ọgbà ìgbafẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Freedom Park. Ẹ̀wọ̀n ni àwọn òyìnbó amúnisìn kọ́ síbẹ̀ ní 1882. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi mọ ògiri rẹ̀ kí wọ́n tó kó bíríkì wá láti Ìlú Ọba. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Wọ́n ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ náà mọ́ ibẹ̀. Wọ́n wó ẹ̀wọ̀n náà ní 1979, ilẹ̀ náà sì di àkìtàn.

Ọdún 2010, tí òmìnira Nàìjíríà pé àádọ́ta ọdún, ni wọ́n sọ ọ́ di ọgbà. Ayàwòrán ilé Theo Lawson ló ya àwòrán rẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni orí ìtàgé ọgbà náà: ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń yẹgi fún èèyàn tẹ́lẹ̀! Ibi tí ọrùn ti ń já ni olórin ti ń gbóhùn sókè báyìí.

Tó o bá débẹ̀, má sáré lọ sídìí oúnjẹ. Kọ́kọ́ dúró níwájú ìtàgé yẹn ná.