Ìtumọ̀ àti Ìlò "Put Off" nínú Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, a máa ń rí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a so mọ́ ọ̀rọ̀ kékeré mìíràn, tí àwọn méjèèjì sì jọ ní ìtumọ̀ tí a kò lè rí nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan wọn. "Put off" ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ níhìn-ín. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé olùwà àti àbọ̀ rẹ̀ ni ó ń pinnu ìtumọ̀ rẹ̀.

"Put" ni kí a gbé nǹkan síbì kan. "Off" ń tọ́ka sí kíkúrò. Ìlò àtijọ́ kò jìnnà sí èyí: nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611, Ẹ́kísódù 3:5, ọ̀rọ̀ yìí ni a lò fún bíbọ́ bàtà. Lónìí, ìlò mẹ́ta ni ó yẹ kí a fiyè sí:

(i) Bí àbọ̀ bá jẹ́ ìpàdé tàbí iṣẹ́, a sún un di ọjọ́ mìíràn ni: "They put off the meeting."

(ii) Bí olùwà bá jẹ́ òórùn, ìwà tàbí iye owó, tí àbọ̀ sì jẹ́ ènìyàn, nǹkan náà lé onítọ̀hún sá ni: "The smell put me off."

(iii) Bí olùwà àti àbọ̀ bá jẹ́ ènìyàn, ó lè jẹ́ pé ọ̀kan ń fi àwáwí dá èkejì dúró: "He keeps putting me off." Ẹni tí a jẹ lówó mọ èyí dáadáa.

Ní ti ètò, a lè sọ pé "put off the meeting" tàbí "put the meeting off". Ṣùgbọ́n bí àbọ̀ bá jẹ́ arọ́pò-orúkọ, àárín ni ó gbọ́dọ̀ wà: "put it off". Èyí kò ṣàjèjì sí wa. A ń sọ pé "ó ba iṣẹ́ jẹ́". A kì í sọ pé "ó bàjẹ́ iṣẹ́".

Ibi tí ewu wà ni ìtumọ̀ ẹyọ-ẹyọ. Yorùbá ń sọ pé a "sún ìpàdé síwájú" nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá tún jìnnà sí i. Akọ̀wé tí ó bá tú èyí sí "bring forward" ti sọ òdìkejì, nítorí pé mímú ọjọ́ súnmọ́ tòsí ni ìyẹn jẹ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí ó kọ̀wé sí yóò sì dé ṣáájú àkókò. Nítorí náà, kí olùkọ́ àti ẹni tí ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè má ṣe fi ìtumọ̀ kan ṣoṣo ti "put off". Odidi gbólóhùn ni kí wọ́n fi ṣàlàyé rẹ̀.